"Ìtọ́kasí aláìṣègbè" tàbí "nọ́ńbà àbísọ"?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín láti Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀gbọ́n wa ní Ìkòròdú dábàá pé kí á máa pe nọ́ńbà tí ilé-ẹjọ́ fúnra rẹ̀ ń fún ìdájọ́, tí kì í ṣe ti òǹtẹ̀wé kankan ("neutral citation" lédè Gẹ̀ẹ́sì), ní "ìtọ́kasí aláìṣègbè". Ẹ forí jì mí, mi ò fara mọ́ ọn. Bí a bá dárúkọ "aláìṣègbè" níbi ọ̀rọ̀ ẹjọ́, adájọ́ ni ọkàn olùgbọ́ yóò lọ bá, yóò sì máa rò pé ìdájọ́ tí kò ní irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ní ojúsàájú nínú.

Láti oṣù kìíní ọdún 2001 ni Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń kọ irú [2001] EWCA Civ 1 sórí ìdájọ́: ọdún, ilé-ẹjọ́, àti iye tó kàn án lọ́dún náà. Wọ́n tún ń fi nọ́ńbà sí ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má baà máa wá ojú-ìwé kiri. Louisiana ní Amẹ́ríkà ti ń ṣe irú rẹ̀ láti 1994. Níhìn-ín, NWLR àti LPELR, àkójọ ìdájọ́ méjì tí wọ́n ń tẹ̀ jáde, ló pọ̀ lẹ́nu àwọn lọ́yà, òǹtẹ̀wé ló sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo ń bá lọ́yà kan túmọ̀ ìwé, odindi ọ̀sán kan ni mo fi wá gbólóhùn kan ṣoṣo, nítorí mo ti ka ìdájọ́ kan náà, tó wà nínú ìwé méjì, sí ẹjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ní ọjà Olúwo, ìyá kan lè to ọ̀bọ̀kún sókè abọ́, kí èkejì tò ó sísàlẹ̀. Ọ̀bọ̀kún ṣì ni. Ààyè inú abọ́ ni ojú-ìwé òǹtẹ̀wé. Orúkọ tí ilé tí wọ́n bí ọmọ sí sọ ọ́ ni mo ń wá, ìyẹn ni mo fi mú "nọ́ńbà àbísọ" wá.

Ẹnìkan lè sọ pé nọ́ńbà ẹjọ́ ti ṣe iṣẹ́ yìí. Kò ṣe é: ọjọ́ tí wọ́n pe ẹjọ́ ni wọ́n ti ń fún un ní tirẹ̀, kí ìdájọ́ tó dé rárá, ìdájọ́ bíi mẹ́ta sì lè jáde lábẹ́ nọ́ńbà ẹjọ́ kan. Bí a bá fẹ́ fi ṣeré, a lè pe ìyẹn ní àmútọ̀runwá.

Ohun tó ń kọ mí lóminú kù sórí "nọ́ńbà", nítorí lẹ́tà bíi EWCA wà nínú ohun tí à ń sọ lórúkọ. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ tó gba lẹ́tà àti òǹkà pọ̀, "àbísọ" nìkan ni mi ò ní yọ̀ǹda.