Ìbéèrè lórí ààyè IR nínú fantasy hockey

Ìyá Ìbejì, Winnipeg:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní kí n wá kópa nínú líìgì fantasy hockey wọn, eré orí áàpù tí ènìyàn ti ń yan àwọn eléré họ́kì orí yìnyín gidi, tí ohun tí wọ́n bá ṣe nínú ìdíje sì ń di póìntì fún un, mo sì gbà, nítorí pé láti oṣù kẹwàá títí tí òtútù fi ń kásẹ̀ nílẹ̀, ọ̀rọ̀ eré yìí ni wọ́n máa ń sọ lásìkò ìsinmi, èmi a sì jókòó bí àlejò láàárín wọn. Ọjọ́ 11 rèé tí ọ̀kan nínú àwọn eléré mi ti farapa, kò sì tíì padà sórí yìnyín, síbẹ̀ nígbà tí mo fẹ́ gbé e sí ààyè IR, ìyẹn ààyè tí a ń fi àwọn tí ó farapa pamọ́ sí, áàpù náà kọ̀ jálẹ̀. Ẹnì kan ní kí n já a sílẹ̀ kí n mú ẹlòmíràn. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni mo ṣe tí kò tọ̀nà?

Bàbá Tóbi, Calgary:

Ìyá Ìbejì, ẹ kò ṣe ohun tí kò tọ̀nà, ẹ má sì tíì já a sílẹ̀, nítorí pé bí ẹ bá já a sílẹ̀ báyìí, kò ní pẹ́ tí ẹlòmíràn nínú líìgì yín yóò fi gbé e. Ẹ má sì jókòó bí àlejò nídìí eré yìí mọ́. Jarome Iginla, tí ó jẹ́ balógun ikọ̀ Flames níbí fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ó gbá góòlù 625 wọlé nínú NHL, líìgì họ́kì tí ó ga jù ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, ọmọ Yorùbá ni bàbá rẹ̀. Adékúnlé wà lára orúkọ rẹ̀, igi ńlá tí gbogbo wa mọ̀ náà sì ni orúkọ ìdílé wọn.

Ẹ jẹ́ kí n wá dáhùn ìbéèrè yín. Ààyè IR kì í wo ara eléré. Lẹ́tà kékeré tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ ni ó ń wò. Bí ó bá jẹ́ DTD, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ara rẹ̀ ti yá tó láti gbá. Bí ó bá jẹ́ O, kò ní gbá ìdíje tí ó kàn. Bí ó bá jẹ́ IR, ikọ̀ rẹ̀ ti kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn tí ó farapa lábẹ́ òfin NHL. Líìgì kan lè gba O mọ́ IR, òmíràn kò ní gbà á, ṣùgbọ́n DTD kò lè wọ ààyè IR lásán.

Ohun tí ó ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú ni bí ẹni tí kò lè gbá fún ọ̀sẹ̀ méjì ṣe lè wà láìní àmì IR. Òfin NHL ni pé ikọ̀ lè kọ eléré sí IR bí ìfarapa rẹ̀ kò bá ní jẹ́ kí ó gbá fún ó kéré tán ọjọ́ 7 láti ọjọ́ tí ó ti ṣèṣe. Ikọ̀ lè kọ ọ́, kì í ṣe dandan. Ènìyàn 23 ni ikọ̀ lè ní nínú ìwé, 20 péré ni ó sì ń wọṣọ lọ́jọ́ ìdíje, nítorí náà bí ẹnì kan ṣoṣo bá farapa, wọ́n lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò gba ààyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí ẹlòmíràn bá tún farapa, tí wọ́n fẹ́ pe ọ̀dọ́ kan wá láti líìgì ìsàlẹ̀, ni wọn yóò wá kọ IR sí ti àkọ́kọ́, wọ́n sì lè ka ọjọ́ náà láti ìgbà tí ó ti ṣèṣe gan-an. Ọjọ́ 11 tí ẹ kà kọ́ ni ó ń pinnu, àìní ikọ̀ rẹ̀ ni.

Ẹ má sì retí pé wọn yóò la ọ̀rọ̀ náà yé yín. Ikọ̀ NHL a máa sọ pé ara òkè ni ó ń dun eléré tàbí ara ìsàlẹ̀, wọn a sì dákẹ́ síbẹ̀. Orókún ni o, kókósẹ̀ ni o, kò sí ẹni tí yóò sọ fún yín.

Ibi tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tí ó bá ń ka èyí ti fetí sílẹ̀ jù ni oṣù kẹta. Bí gbèdéke pàṣípààrọ̀ eléré bá ti kọjá, òfin ènìyàn 23 náà kò sí mọ́ títí sáà yóò fi parí. Ikọ̀ tí kò wá ààyè mọ́ kò ní ìdí púpọ̀ láti kọ ẹnikẹ́ni sí IR, àkókò yẹn gan-an sì ni àṣekágbá líìgì tiwa. Ẹ bi alákòóso líìgì yín nísinsìnyí bóyá ààyè IR+ wà, nítorí pé IR+ a máa gba ẹni tí ó ní DTD pẹ̀lú. Bí kò bá sí, ẹ fi í sórí bẹ́ǹṣì.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Toronto:

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ fi èyí kún un, nítorí pé ó dùn mí lọ́dún tó kọjá. Wọ́n yọ eléré mi kan kúrò ní IR ní Ọjọ́bọ̀, èmi kò wo áàpù, ó ṣì wà ní ààyè IR tèmi títí di Sátidé, ọjọ́ tí ìdíje máa ń pọ̀ jù. Nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú 10 kí aago 7 alẹ́ lù, ìròyìn dé pé aṣọ́lé mi kò ní gbá. Mo rí aṣọ́lé mìíràn tí kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, mo tẹ̀ ẹ́, áàpù ní n kò lè mú ẹnikẹ́ni níwọ̀n ìgbà tí ẹni tí ara rẹ̀ ti yá bá ṣì wà ní IR. Láti gbé e padà, mo ní láti kọ́kọ́ já ẹnì kan sílẹ̀. Ibi tí mo ti ń rò ó, yálà kí n já adènà tàbí kí n já agbáiwájú, aago 7 lù, àwọn ìdíje bẹ̀rẹ̀, gbogbo orúkọ náà sì di títì. Ẹ jọ̀wọ́, bí eléré yín bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá ikọ̀ rẹ̀ ṣe ìgbaradì, ẹ ti pinnu ẹni tí ẹ máa já sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Winnipeg:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹlòmíràn tí mo ní, IR-LT ni wọ́n kọ sí i. Ṣé kí n dúró dè é?

Bàbá Tóbi, Calgary:

IR-LT jẹ́ ti ẹni tí yóò pàdánù ó kéré tán ìdíje 10 àti ọjọ́ 24. Ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Steven Stamkos, agbáiwájú ikọ̀ Tampa Bay nígbà náà, ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2013, ó padà ní oṣù kẹta ọdún 2014, ẹni tí ó fi í pamọ́ sì jèrè ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní sáà 2020-21, lẹ́yìn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Nikita Kucherov ní ìbàdí, kò gbá ẹyọ ìdíje kan nínú 56 tí wọ́n gbá, àfi nígbà tí ìdíje ife Stanley, tí ó máa ń tẹ̀lé sáà, bẹ̀rẹ̀ tí ó jáde, tí ó kó póìntì 32 nínú ìdíje 23, tí ikọ̀ rẹ̀, Tampa Bay, sì gba ife. Líìgì tiwa ti parí nígbà yẹn, òfo ni ẹni tí ó dúró dè é bá pàdé. Bí ààyè IR yín bá jẹ́ ẹyọ kan, èmi kò ní fi í mú ẹni tí ikọ̀ rẹ̀ kò dárúkọ oṣù tí yóò padà. Bí ó bá jẹ́ méjì, ẹ fi í síbẹ̀, kò ná yín ní nǹkan kan.

Ìyá Ìbejì, Winnipeg:

Mo ti bi alákòóso wa. IR méjì ni a ní, IR+ sì jẹ́ ẹyọ kan. Mo ti gbé ẹni ọjọ́ 11 sí IR+, ẹni IR-LT náà wà ní IR, mo sì ti mú adènà kan tí yóò gbá ìdíje 4 lọ́sẹ̀ yìí.