Àmì wo lẹ kọ́kọ́ rí kí díìskì yín tó kú?

Alákọsílẹ̀: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tọ́jú sáfà (server), kí lẹ kọ́kọ́ rí? Èyí tó wà lọ́dọ̀ wa, "PASSED" (ó yege) ni SMART, ètò tí díìskì fi ń ṣọ́ ìlera ara ẹ̀, ń kọ láràárọ̀, bẹ́ẹ̀ ìlà 5, iye sẹ́kítọ̀ (àwọn ègé kéékèèké tí dátà ń gbé lórí díìskì) tó ti bàjẹ́ tí díìskì fi òmíràn rọ́pò, ń lọ sókè: 8, 24, 112. Ká tó yọ ọ́, ó ti dákẹ́.

Bísí: "PASSED" yẹn ò tó gbẹ́kẹ̀ lé. Ìlà 197 lèmi ń wò. Sẹ́kítọ̀ tí díìskì ò rí kà ló ń kó síbẹ̀.

Dáúdà: Ẹ kàn ń ka nọ́ńbà ni. Google wo díìskì tó lé ní 100,000, wọ́n gbé èsì jáde ní 2007. Ó lé ní ìdajì nínú àwọn tó kú tí àmì SMART mẹ́rin tó lágbára jù ò sọ nǹkan kan nípa wọn.

Bísí: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kà á parí. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti sọ pé díìskì tó bá ti ní scan error (àṣìṣe tí díìskì rí nígbà tó ń yẹ ara ẹ̀ wò) kan péré, ó fi ìlọ́po 39 súnmọ́ ikú láàárín 60 ọjọ́ ju èyí tí ò ní lọ. Bí SMART bá dákẹ́, ìyẹn ò ní kára díìskì le. Bó bá kígbe, ẹ sáré.

Kúnlé: Ẹ má tètè sọ díìskì nù o. Ìlà 199 tiwa, iye àṣìṣe tó ń ṣẹlẹ̀ bí dátà ṣe ń gba wáyà kọjá, ń ròkè, ọ̀gá ti fẹ́ ra tuntun. Mo ní ká pààrọ̀ wáyà ná. Bó ṣe parí nìyẹn.

Ọmọ Àkàndé: Ẹ̀gbọ́n Kúnlé, ṣé nọ́ńbà yẹn padà sí òdo?

Kúnlé: Kì í padà. Pé kò lé mọ́ la ń wò.

Màmá Tóbi: Tèmi gùn díẹ̀. Níbi iṣẹ́ mi àtijọ́, RAID 5 ni, ìyẹn díìskì mélòó kan tí wọ́n so pọ̀ kí dátà má baà sọnù bí ọ̀kan bá kú. Gbogbo iná ń tàn dáadáa. Díìskì kan kú, wọ́n ki tuntun bọ̀ ọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún dátà kọ. Àfi bí òmíràn ò ṣe rí ibì kan kà mọ́. Kẹ́-kẹ́-kẹ́, á sinmi, kẹ́-kẹ́-kẹ́. Fáìlì àtijọ́ ló wà níbẹ̀, ó ti bàjẹ́ tipẹ́, ẹnikẹ́ni ò sì ṣí i wò. Kò sẹ́ni tó ń ṣe scrub, ìyẹn kíka gbogbo díìskì látòkè délẹ̀ láti wá ibi tó bàjẹ́! Ní báyìí, oṣooṣù ni mò ń ṣe é, ímeèlì sì gbọ́dọ̀ wọlé, ó dáa o, kò dáa o. Bí mi ò bá rí i, mo mọ̀ pé ẹni tó ń ṣọ́lé ti sùn.

Sàlíù: RAID kì í ṣe backup.

Màmá Tóbi: Ta ló pè é ní backup?

Dáúdà: Ẹnikẹ́ni ò tíì sọ̀rọ̀ ooru.

Bísí: Ìwádìí tẹ́ ẹ mú wá ló ní ooru ò pa díìskì tó bá a ṣe rò.

Dáúdà: Ẹ wo ti àwọn díìskì tó ti dàgbà níbẹ̀, kẹ́ ẹ tó dá mi lóhùn.

Ọmọ Àkàndé: Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe smartctl -a, àṣẹ tó ń gbé àbájáde SMART jáde. Ìlà 197 jẹ́ 16. Ṣé kí n ṣe ìdánwò gígùn, èyí tó ń ka gbogbo díìskì?

Alákọsílẹ̀: Rárá o! Kọ́kọ́ da fáìlì rẹ kọ síbòmíràn, èyí tó ṣe pàtàkì jù ni kó ṣáájú. Ìdánwò lè dúró.