Prótíìnì inú sẹ́ẹ̀lì èèyàn tí bakitéríà Salmonella wọ̀: ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ kó tó dé ẹ̀rọ

Ará Tánkẹ́, Ìlọrin:
Bí kẹrátìn (prótíìnì awọ ara àti irun) bá kún inú èsì yín, ẹ má bú mass spectrometer, ẹ̀rọ tó ń wọn ìwúwo ègé prótíìnì láti dá wọn mọ̀. Àwa la gbé e wọlé. Awọ ara wa ni, irun orí wa ni. Péptáìdì (ègé prótíìnì) tó bá pọ̀ jù ni ẹ̀rọ máa ń kọ́kọ́ mú fọ́ wẹ́wẹ́, nítorí náà ìwọ̀nba tí Salmonella ní á kọjá láìsí ẹni tó rí i. Àsìkò ọyẹ́ ló burú jù níbí: ẹ nu tábìlì tán, kò ní pẹ́ tí eruku á tún bò ó. Ẹ bo irun pátá, ẹ pààrọ̀ ìbọ̀wọ́ bó bá ti kan fóònù, kẹ́ ẹ sì pa fáànù. Ooru á mú yín, ẹ fara dà á.

Ará Ọ̀fà:
Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n, àmọ́ urea, kẹ́míkà tí a fi ń tú prótíìnì ká, ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù lójú tèmi. 4.8 g ló ń fúnni ní 8 M (ìwọ̀n bó ṣe ki tó) nínú mílílítà 10, ẹ má sì da gbogbo omi sí i lẹ́ẹ̀kan náà o, torí urea fúnra rẹ̀ ń gba àyè. Ẹ fi 5 bẹ̀rẹ̀, kó yòrò, kẹ́ ẹ tó bù ú dé 10. Bó ṣe ń yòrò ni ìgò á máa tutù nini lọ́wọ́, ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi ń gbé e sórí iná. Àṣìṣe gbáà! Ooru tó bá ju 37°C lọ á tètè sọ urea di cyanate, ìyẹn á lẹ̀ mọ́ lysine (ọ̀kan lára amino acid inú prótíìnì), á fi 43 Da kún ìwúwo rẹ̀, trypsin, énsáìmù tó ń gé prótíìnì sí péptáìdì, ò sì ní lè gé ibẹ̀ mọ́. Ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lò ó ni kẹ́ ẹ pò ó.

Lẹ́yìn náà, DTT 5 mM, tó ń já ìdè sulfur inú prótíìnì, fún ìṣẹ́jú 30, iodoacetamide 15 mM, tí kì í jẹ́ kí ìdè náà tún so, fún ìṣẹ́jú 30 nínú òkùnkùn. Ẹ fi ammonium bicarbonate 50 mM là á títí urea á fi wálẹ̀ sí 1 M, kẹ́ ẹ tó fi trypsin sí i: 2 µg fún 100 µg prótíìnì, ní 37°C di àárọ̀.

Ará Òmù-Àrán:
Tí NEPA bá wá mú iná lọ lóru ńkọ́?

Ará Ọ̀fà:
Trypsin á máa falẹ̀, ibi tí kò gé á pọ̀. Ẹ ti kó ìgò omi gbígbóná 37°C mẹ́ta sínú incubator ṣáájú, omi kì í tètè tutù. Ẹ má sì ṣílẹ̀kùn rẹ̀ wò.

Ará Tánkẹ́, Ìlọrin:
Ká má gbàgbé ìpìlẹ̀, ìyẹn bí a ṣe ń jẹ́ kí Salmonella wọ sẹ́ẹ̀lì. Bakitéríà 10 sí sẹ́ẹ̀lì kan, ìṣẹ́jú 30, lẹ́yìn náà gentamicin, oògùn tó ń pa bakitéríà, 100 µg/ml fún wákàtí kan láti pa àwọn tó kù síta. Gentamicin kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè wọ inú sẹ́ẹ̀lì, nítorí náà àwọn tó ti wọlé á yè. Ẹ fi PBS tútù (omi iyọ̀ tí kì í pa sẹ́ẹ̀lì lára) fọ sẹ́ẹ̀lì lẹ́ẹ̀mẹta, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ prótíìnì albumin màlúù tó wà nínú serum tí a fi ń bọ́ sẹ́ẹ̀lì á bo gbogbo èsì. Tó bá sì kan kọ̀ǹpútà tó ń wá prótíìnì tí péptáìdì kọ̀ọ̀kan ti wá, àkójọ prótíìnì èèyàn àti ti Salmonella ni kẹ́ ẹ jọ wá a sí. Ẹni tó bá wá a sí ti Salmonella nìkan, péptáìdì èèyàn ni kọ̀ǹpútà á máa fagídí so mọ́ bakitéríà.