Ìṣó là ń kàn, súkúrù là ń tú

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin èèyàn mi.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìwé àtúnṣe alùpùpù sí Yorùbá kó ọ̀rọ̀ mẹ́ta wá fún wa lọ́sẹ̀ tó kọjá: “ìṣó alọ́” fún súkúrù, “òwú” fún ibi tó fi ń lọ́ wọlé, àti “ìṣó alọ́ tó bàjẹ́” fún èyí tí kò ṣeé tú mọ́. Àwọn kan ti kan sáárá sí wọn. Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀gbọ́n, èmi ò lè bá wọn kàn án.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń bá nǹkan náà rìn. Ìṣó là ń kàn. Bí a ò bá fẹ́ ẹ mọ́, a ó fà á yọ. Ta ló ń kan súkúrù? À ń dè é ni, a sì ń tú u, bí ìgbà tí èèyàn de ẹran mọ́lẹ̀ tó tún tú u. “Tú nọ́ọ̀tì yẹn fún mi”, “o dè é le jù”: báyìí làwọn ọmọṣẹ́ ń wí látàárọ̀ dalẹ́. Ohun tí à ń dè, tí à ń tú, “ìdè” ló yẹ kó máa jẹ́, bí súkúrù ò bá tẹ́ yín lọ́rùn. Ó tẹ́ èmi lọ́rùn ṣá. Ní ti “òwú”, ẹ ṣàánú wa. Gẹ̀ẹ́sì ló pe ibẹ̀ lówùú (“thread”), kò kàn wá. Eyín ló wà níbẹ̀, bí ayùn àti jíà ṣe ní eyín.

Ṣùgbọ́n “bàjẹ́” gan-an ló mú mi kọ lẹ́tà yìí.

Ní Sátidé, mo gbé ọ̀kadà mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá mẹkáníìkì tó ń bá mi tún un ṣe n'Íbàdàn, torí kábúrétọ̀ ń jò. Súkúrù olórí sítáà, èyí tí ojú rẹ̀ rí bí àgbélébùú, ló de ìkòkò ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́ ọn. Àkọ́kọ́ tú wẹ́rẹ́. Nígbà tó kan èkejì, ọmọṣẹ́ ki súkúrùdiráfà bọ̀ ọ́, ó yí i, súkúrùdiráfà bá fò jáde. Ọ̀gá ní, “Ó ń yọ̀, dúró!” Ọmọ ò dúró. Ó yí i lẹ́ẹ̀mejì sí i, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ojú súkúrù di róbótó, ẹ̀rún irin ń dán lẹ́nu ihò. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ wò ó. “Orí ẹ̀ ti jẹ nìyẹn.”

Kò ní ó bàjẹ́ o. Ó jẹ, bí táyà ṣe ń jẹ, bí abẹ́ bàtà ṣe ń jẹ. “Yọ̀” ló sì ṣáájú “jẹ”: nígbà tó ṣì ń yọ̀, ọ̀rọ̀ ò tíì kọjá àtúnṣe. Ọ̀rọ̀ méjì, àsìkò méjì.

Bí a bá ń wá ibi tí a ó ti dá ọ̀rọ̀ tuntun, orí sítáà yìí ni kí ẹ lọ. Oríṣi méjì la pa pọ̀ sínú orúkọ kan. Èyí tí Henry Phillips, ará Amẹ́ríkà, gba ìwé ẹ̀tọ́ lé lórí ní 1936 wà, èyí tó tẹ̀ lé JIS, ìyẹn ìlànà iléeṣẹ́ Japan, náà sì wà. Wọ́n jọra bí ìbejì, ṣùgbọ́n ẹnu súkúrùdiráfà Phillips kì í jókòó dé ìsàlẹ̀ ojú súkúrù JIS, ìdí nìyẹn tó fi ń yọ̀. Púpọ̀ nínú ti Japan ní àmì róbótó kékeré kan lórí. Títí di òní, “sítáà” náà la ń pe méjèèjì.

Ká padà sí “bàjẹ́”. Orí ti èkejì yẹn ti jẹ, nítorí náà ọ̀gá gé ròbá túùbù pẹlẹbẹ lé e, ó fi súkúrùdiráfà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kò gbà. Ó wá fi ayùn irin la ojú tuntun sí i, ó sì fi fúláàtì tú u. Ká ní ó gan ni ńkọ́? Ìyẹn, orí pé, eyín pé, ṣùgbọ́n irin àti álúmíníọ̀mù ti di mọ́ra wọn bí ara tó gan. Karosíìnì ni wọn ì bá dà sí i kó sùn, tàbí kí wọ́n yá álúmíníọ̀mù náà níná, torí ó máa ń wú ju irin lọ (kì í ṣe kábúrétọ̀ tó ní bẹntiróòlù nínú o!). Bó bá sì ń yí lásán, eyín ló jẹ nìyẹn. Wọn a ki nǹkan bọ abẹ́ orí rẹ̀, wọn a máa gbé e sókè bí wọ́n ṣe ń yí i. Ọmọṣẹ́ tó bá ka “ìṣó alọ́ tó bàjẹ́” nínú ìwé yín, ẹ̀gbọ́n, ṣé ròbá ni kó gbé ni, àbí karosíìnì?

Ó ku èyí tó kán sínú. Ẹnìkan ti ní ká pe irin tí wọ́n fi ń tú u ní “ìyọṣó”. Òòlù tó ya ẹnu méjì ló ni orúkọ yẹn. Irin tiwa yìí, eyín òdì ló ní: wọ́n á lu ihò sínú súkúrù tó kán, wọ́n á ki irin náà bọ̀ ọ́, wọ́n á máa yí i sósì. Bó ṣe ń yí ló ń jẹ wọlé sí i, títí èyí tó kán á fi bá a jáde. Mo ti dá “àlọ́dì” sílẹ̀ fún un, inú mi sì dùn sí i, kí n tó fi tó ọ̀gá létí. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní dígí ọwọ́ ọ̀tún ọ̀pọ̀ Yamaha náà, òdì ni wọ́n ń lọ́ ọ, ṣé àlọ́dì lòun ó máa pe ìyẹn náà?

Mo ti kó tèmi ńlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ irin yìí lójú ewé yẹn ná. Ẹni tó bá rí orúkọ, kó mú un wá.