Mọ́tò Onírin Ìgbà Èwe: Kí Ló Ń Bà Á Jẹ́ Gan-an?

Mọ́tò onírin tí ọmọ Abẹ́òkúta máa ń yí gẹ̀ẹ́rẹ́ lórí àpáta, tí ọ̀dà etí ìlẹ̀kùn rẹ̀ á bó tí àwọ̀ eérú á yọjú, kì í ṣe irin gidi. Òòfà kò ní í fà á. Síńkì ni, pẹ̀lú alumíníọ́mù bí ìdá 4 nínú 100. Wọ́n yọ́ ọ, wọ́n fi ẹ̀rọ tì í sínú mọ́ọ̀dù. Ọ̀pá táyà ló jẹ́ irin, òun náà ló sì ń kọ́kọ́ dógùn-ún. Nígbà tí Hot Wheels, irú mọ́tò ìṣeré kan, fi ọ̀pá tín-ín-rín jáde lọ́dún 1968, Matchbox tó ń bá a du ọjà náà yí tirẹ̀ padà lọ́dún 1969. Eré pọ̀ lẹ́sẹ̀ ọ̀pá tín-ín-rín lóòótọ́, ṣùgbọ́n tó bá já bọ́ láti orí àpáta lẹ́ẹ̀kan péré, ó lè tẹ̀, kí táyà máa gbò. Ọ̀pá àtijọ́ tó ki ló dára jù fún ìlú olókùúta.

* * *

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ ọ̀pá yẹn, ẹ má fi ọ̀bẹ yọ ìdí mọ́tò o. Ẹ wo abẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí orí róbótó (rivet) kan tàbí méjì tí wọ́n tẹ̀ pẹlẹbẹ, òun ló de ìdí mọ́ ara mọ́tò. Ẹ fi ìṣó sàmì sí àárín rẹ̀, kí bíìtì, irin ẹnu dírìlì, má baà yọ̀. Bíìtì mìlímítà 3 ni, kí dírìlì sì rọra yí. Bí ètè róbótó yẹn bá ti ṣí kúrò bí òrùka, ẹ dáwọ́ dúró. Ẹni tó bá lu ú jinlẹ̀ á gé òpó inú rẹ̀ kúrú, ìdí mọ́tò kò sì ní í rí nǹkan dì mú mọ́. Láti dè é padà, ẹ lu ihò mìlímítà 1.6 sínú òpó, kí ẹ fi ìdè oníyíyí (screw) mìlímítà 2 dè é. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe super glue. Èéfín rẹ̀ máa ń sọ gíláàsì oníke di funfun bíi kùrukùru.

* * *

Ẹ fi èyí kún un. Bí ọ̀dà bá ń wú, tí ara mọ́tò ń sán wẹ́wẹ́, tí ìdí rẹ̀ sì tẹ̀ láìjẹ́ pé ó já bọ́, ẹ má wulẹ̀ tún un kùn. Òjé tó dà pọ̀ mọ́ síńkì nígbà tí wọ́n ń yọ́ ọ ló ń jẹ ẹ́ láti inú. Àwọn mọ́tò ìṣeré Dinky tí wọ́n ṣe ní Liverpool ṣáájú ogun àgbáyé kejì ni wọ́n mọ̀ mọ́ ọn jù. Kò lóògùn. Ooru àti ọ̀rinrin ló ń mú un yára, nítorí náà ẹ má kó wọn sí àjà abẹ́ páànù. Inú dúróà yàrá tó gbẹ ni, kí ẹ sì máa ṣí i wò nígbà òjò.