Ajá mi kò gbé inú ọgbà mọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Dárà:
Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ ajá ni mo bá wá, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé ọkọ mi ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tó nílé. Mọ́wé ni à ń gbé. Fẹ́ǹsì búlọ́ọ̀kù yí ilé wa ká, àfọ́kù ìgò wà lórí rẹ̀, géètì wa sì jẹ́ irin tí kò lójú kankan. Síbẹ̀, kò sí ọ̀sẹ̀ tí ajá yìí kì í jáde. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀, mo pe bíríkìlà kí ó fi ìlà búlọ́ọ̀kù méjì kún fẹ́ǹsì náà, ẹ̀yin náà sì mọ iye tí wọ́n ń ta àpò sìmẹ́ǹtì lóde òní. Ó gba owó iṣẹ́ tán, ó ní kí n tún mú owó oúnjẹ ọmọṣẹ́ rẹ̀ wá, ó sì da yanrìn tó ṣẹ́kù lé àwọn òdòdó mi lórí. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí ajá fi tún jáde. Obìnrin tó múlé tì wá ti ń sọ kiri àdúgbò pé ajá mi ló ń pa adìẹ òun, bẹ́ẹ̀ ológbò tirẹ̀ kì í jẹ́ kí n sá ẹja sóòrùn. Mo ti na ajá yìí, mo ti dè é mọ́lẹ̀, mo ti fi oúnjẹ dù ú, kò gbọ́. Kí ni kí n ṣe?

Bàbá Kúnlé:
Ẹ kú ìnáwó, ma, ẹ sì kú ìrọ́jú. Ẹ ti sọ̀rọ̀ bíríkìlà àti ti ológbò, ṣùgbọ́n ẹ kò sọ bóyá akọ ni ajá náà tàbí abo, ọmọ ọdún mélòó ni, ìgbà wo ló máa ń jáde, àti ibi tí ẹ ti máa ń bá a. Akọ tó ń tọ òórùn abo kiri yàtọ̀ sí ajá tí ìró bánga dẹ́rù bà, àwọn méjèèjì sì yàtọ̀ sí èyí tí àìríṣe ń lé jáde. Láìmọ ìyẹn, ìméfò lásán ni a óò máa ṣe.

Màmá Tóbi:
Ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí falẹ̀ o. Ní Abẹ́òkúta, ní alẹ́ ọjọ́ tí ọdún tuntun fẹ́ wọlé, wọ́n ń yin bánga lọ́tùn-ún lósì, ajá wa fò sórí ilé jẹnẹrétọ̀ tí ọkọ mi kọ́ mọ́ ara fẹ́ǹsì, ibẹ̀ ló ti bọ́ sí ìta, a kò sì rí i mọ́ títí di òní. Mo mọ̀ pé ọwọ́ àwọn tó ń jẹ 404, ìyẹn ẹran ajá, ló bọ́ sí. Ẹ wò ó bóyá nǹkan kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì yín tí ó lè gùn, bíi ìdí táńkì omi tàbí òkìtì yanrìn tí bíríkìlà yẹn fi sílẹ̀.

Adéwálé:
Wọ́n ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, ṣùgbọ́n ajá tí ebi ń pa kò tilẹ̀ nílò kí a fun fèrè kankan fún un. Èwo ni kí ènìyàn fi oúnjẹ du ẹran ọ̀sìn, kí ó sì máa bínú pé ó wá oúnjẹ lọ sí ìta? Bí akọ bá ni, ẹ tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, wàhálà yín yóò dópin.

Ìyá Dárà:
Ẹ̀gbọ́n Adéwálé, mi ò febi pa á. Alẹ́ ọjọ́ tó bá jáde nìkan ni mi kì í fún un lóúnjẹ, kí ó lè mọ̀ pé ohun tó ṣe kò dára. Akọ Alsatian ni, ọmọ ọdún mẹ́rin, ẹ̀bà ẹlẹ́ja ló sì ń jẹ, kódà ó ń jẹun ju ọkọ mi lọ. N kò ní tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, nítorí pé ajá tí yóò máa ṣọ́ ilé ni mo fẹ́.

Dókítà Ṣọlá (dókítà ẹranko):
Ìtẹ̀lọ́dàá kì í sọ ajá tó ń ṣọ́ ilé di ọ̀lẹ, gbígbó rẹ̀ kì í sì í dín kù. Ohun tí ó máa ń dín kù ni rírìn kiri nítorí abo, nítorí pé abo ajá a máa wá akọ bí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn akọ sì ń gbóòórùn rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Bí kì í bá ṣe nítorí abo ni ó fi ń jáde, ìtẹ̀lọ́dàá lè má ràn yín lọ́wọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáwọ́ nínú nínà án nígbà tó bá dé. Lójú ajá, ohun tó ṣe kẹ́yìn ni ẹ ń nà án fún, ohun tó ṣe kẹ́yìn sì ni pé ó padà wálé. Ìbéèrè kan ṣì wà: ṣé ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dígbólugi lọ́dún yìí?

Wẹ́dà Ìbàdàn:
Ìyá wa, ta ló fi ojú ara rẹ̀ rí ajá náà níbi tí ó ti ń fo fẹ́ǹsì? Àfọ́kù ìgò ìbá ti gé e lẹ́sẹ̀ tipẹ́. Nígbà tí ẹ bá mú un dé, ẹ yẹ ara rẹ̀ wò dáadáa.

Ìyá Dárà:
Kò sí ẹni tó rí i, nítorí pé a ti máa ń gbéra lọ sí Èkó kí ilẹ̀ tó mọ́, alẹ́ la sì ń dé, àwọn ọmọ wà ní ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń gbé. Kò ní ọgbẹ́ lẹ́sẹ̀. Ẹrẹ̀ ló máa ń wà ní àyà rẹ̀ àti ní ikùn, irun ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti bó níbì kan bí ẹni pé wọ́n fi nǹkan ha á. Ojú àgbàrá kan wà lẹ́yìn ilé ìdáná wa, ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù kan péré ni wọ́n yọ níbẹ̀. Ajá ńlá kò lè gba ibẹ̀.

Wẹ́dà Ìbàdàn:
Ó ń gba ibẹ̀, ma. Òjò ti wa ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ lọ, òun náà sì ń fi èékánná gbẹ́ ẹ sí i. Ẹrẹ̀ àyà yẹn àti irun ẹ̀yìn tó bó ti sọ gbogbo rẹ̀.

Adéwálé:
Ẹ fi búlọ́ọ̀kù dí i pa, ọ̀rọ̀ tán.

Màmá Tóbi:
Ọ̀rọ̀ kò tán o! Ẹni tó bá dí ojú àgbàrá ní Mọ́wé ní oṣù Kẹsàn-án, fẹ́ǹsì rẹ̀ ni omi yóò wó. Ṣé ẹ̀yin ni ẹ óò tún un mọ?

Adéwálé:
Fẹ́ǹsì tí wọ́n bá mọ dáadáa kì í wó. A ti dí tiwa láti ọjọ́ yìí.

Wẹ́dà Ìbàdàn:
Àdúgbò yín lè jẹ́ orí òkè, sà. Ọ̀pá irin ni kí wọ́n tò sí ojú àgbàrá náà ní òòró, kí àlàfo àárín wọn má ju ìka mẹ́rin lọ, kí wọ́n ri ẹsẹ̀ irin náà sínú ilẹ̀, kí wọ́n sì da kankéré sí abẹ́ rẹ̀ kí ajá má baà rí ibi gbẹ́. Omi yóò máa kọjá, ṣùgbọ́n ẹ ní láti máa kó ọ̀rá àti ewé tó bá há síbẹ̀ kúrò.

Bàbá Kúnlé:
Ìyá Dárà, mo tún ń béèrè: níbo ni ẹ ti máa ń bá a?

Ìyá Dárà:
Ibì kan náà ni, ní Ìbafò. Ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló ni ín tẹ́lẹ̀, òun ló sì tọ́ ọ láti kékeré. Nígbà tí òun àti ìdílé rẹ̀ kó lọ sí Kánádà ní oṣù Kẹta ni ó fi ajá náà ta mí lọ́rẹ. Ẹnu géètì ilé àtijọ́ yẹn ló máa ń lọ jókòó sí, ọlọ́dẹ ibẹ̀ a sì fún un ní búrẹ́dì àti ẹ̀wà, a wá pè mí pé kí n wá mú un. Bruno ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti yí orúkọ rẹ̀ sí Tanimọ̀la nítorí pé n kò fẹ́ orúkọ òyìnbó nínú ilé mi, kò sì fẹ́ jẹ́ ẹ.

Bàbá Kúnlé:
Háà! Láti Mọ́wé dé Ìbafò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn? Ìyá Dárà, ilé rẹ̀ ni ajá yìí ń lọ. Kí ni ẹ fi pa eléyìí mọ́ láti àárọ̀?

Ìyá Dárà:
Mi ò pa á mọ́. Ọ̀rọ̀ fẹ́ǹsì ni mo béèrè.

Dókítà Ṣọlá (dókítà ẹranko):
Ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá, ma. Irin ojú àgbàrá ṣe pàtàkì nítorí mọ́tò òpópónà yẹn, ṣùgbọ́n bí ilé yín kò bá di ilé lójú rẹ̀, yóò tún wá ọ̀nà mìíràn. Ẹ bẹ ọlọ́dẹ yẹn kí ó má fún un lóúnjẹ mọ́, kí ó kàn pè yín. Ẹ ní kí ẹ̀gbọ́n yẹn wádìí bóyá abọ́ rẹ̀ tàbí aṣọ tí ó ń sùn lé ṣì wà nílé àtijọ́, kí ẹ gbé e sí ẹnu ọ̀nà tiyín. Ẹ fi okùn mú un rìn yí àdúgbò ká lálẹ́, kí ẹnì kan sì wà tí yóò máa yọjú sí i lọ́sàn-án. Ẹ pè é ní Bruno, kí ẹ sì fún un ní ẹja díẹ̀ nígbàkigbà tí ó bá jẹ́ orúkọ náà. Ẹ kò tíì dá mi lóhùn lórí abẹ́rẹ́ dígbólugi.

Màmá Tóbi:
Adìẹ obìnrin yẹn ńkọ́? Ajá tó bá ń jókòó sí Ìbafò kò lè máa pa adìẹ ní Mọ́wé lọ́jọ́ kan náà.

Ìyá Dárà:
Ẹ ṣeun, Màmá Tóbi, ohun tí mo ti ń sọ fún un gan-an nìyẹn! Fẹ́ǹsì tí mo gbé ga kò kúkú ṣòfò, yóò dènà olè. Wẹ́dà àdúgbò wa ń bọ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin yóò sì máa wá wò ó lọ́sàn-án. Ní ti orúkọ, ọkọ mi lè máa pè é ní Bruno bí ó bá wù ú. Káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ní Kánádà, mo ti ránṣẹ́ sí i pé kí ó ya fọ́tò rẹ̀ fún mi, kò tíì fèsì.

Dókítà Ṣọlá (dókítà ẹranko):
Ẹ má dúró de fọ́tò, ma. Bí ó bá tilẹ̀ ti gbà á tẹ́lẹ̀, gbígbà á lẹ́ẹ̀kan sí i kò ní pa á lára, ọdọọdún ni a sì ń gbà á. Ajá tó ń rin ojú pópó lè pàdé ajá dígbólugi lọ́jọ́kọ́jọ́, àrùn yẹn kò sì ní ìwòsàn bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn. Bí ó bá gé ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀.

Ìyá Dárà:
Mo gbọ́, Dókítà. N óò gbé e lọ lọ́la kí n tó lọ sí ibi iṣẹ́. Títí ọjọ́ Àbámẹ́ta, ṣé kí n máa tì í mọ́ inú sítọ́ọ̀?

Dókítà Ṣọlá (dókítà ẹranko):
Lálẹ́, ó dára, bí afẹ́fẹ́ bá ń wọlé tí omi sì wà nínú abọ́ rẹ̀. Ní ọ̀sán, ẹ má tì í mọ́ ibẹ̀ nítorí ooru. Ẹ fi pákó tó nípọn dí ojú àgbàrá náà kí ẹ tó jáde láàárọ̀, kí ẹ gbé òkúta tì í, kí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín sì yọ ọ́ bí òjò bá ṣú.