“Rárà” kọ́ ni ballad: àbá mi lórí “orin àròkàn”

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ.

Ẹnì kan nínú wa dábàá lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí á máa fi “rárà” pe ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ballad, ìyẹn orin tí ó ń sọ ìtàn, pàápàá ti àwọn olórin kọ́ńtírì (country), orin ìgbèríko Amẹ́ríkà. Mo tọrọ gáfárà, n kò fara mọ́ ọn. Asunrárà a máa dojú kọ ẹni tí ó ń kì, oríkì ni ó sì fi ń gbé e ga. Mo mọ̀ pé rárà ìyàwó wà, tí ẹkún sì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdágbére ọmọ fún àwọn òbí rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí á fi “He Stopped Loving Her Today” dán an wò, orin tí Bobby Braddock àti Curly Putman kọ, tí George Jones, olórin kọ́ńtírì, sì gbé jáde ní ọdún 1980. Ọkùnrin kan sọ fún obìnrin tí ó fi í sílẹ̀ pé títí ikú ni òun yóò fi fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn lẹ́tà ọdún 1962 wà lẹ́bàá ibùsùn ọkùnrin náà, ó sì fi pupa fàlà sábẹ́ gbogbo “mo nífẹ̀ẹ́ rẹ” tí ó wà nínú wọn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó ń ròyìn fún wa. Nígbà tí ọ̀rẹ́ náà dé ibi tí obìnrin náà ti wá wo ọkùnrin yìí kẹ́yìn, kò kọrin mọ́, ọ̀rọ̀ lásán ni ó ń sọ. Jones fúnra rẹ̀ rò pé ìbànújẹ́ orin náà ti pọ̀ jù, pé kò sẹ́ni tí yóò rà á. Orin yìí náà ni Alan Jackson, olórin kọ́ńtírì mìíràn, kọ níbi ìsìnkú Jones ní ọdún 2013.

Ọ̀rẹ́ yẹn kò là á mọ́lẹ̀ níbì kankan pé ọkùnrin náà ti kú. Ó ní òdòdó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ní wọn yóò gbé e lọ láìpẹ́, ó ku sí ọwọ́ olùgbọ́. Irú èdè tí àwa fi ń sọ pé ọba wàjà ni. Ìdí nìyí tí mo fi yan “jáwọ́” fún ìtumọ̀ àkọlé orin náà sí Yorùbá: “Òní ni ó jáwọ́ nínú ìfẹ́ obìnrin náà.” Ẹni tí ó bá jáwọ́, ìfẹ́ inú rẹ̀ ni a máa ń rò pé ó ṣe, ohun tí orin náà sì fẹ́ kí á kọ́kọ́ rò nìyẹn. Bí a bá sì kọ “ìfẹ́ rẹ̀” lásán, a kò ní mọ ìfẹ́ ta ni, nítorí “rẹ̀” wa kò ya akọ yàtọ̀ sí abo.

“Orin ìtàn” bá àwọn orin àtijọ́ mu, irú “Barbara Allen” tí àwọn aṣíkiri gbé láti Bìrìtéènì lọ sí àwọn òkè Appalachia ní Amẹ́ríkà. Fún ti Jones, “orin àròkàn” ni mo dábàá, nítorí àròkàn níí mú ẹkún àsun-ùn-dá wá. Ẹni tí ó bá mọ ballad kọ́ńtírì kan tí kò ní àròkàn nínú, kí ó jọ̀wọ́ mú un wá kí á jọ wò ó.